Ohùn Mọ́tò Adúmáadán

Gbogbo ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ ládùúgbò náà ló mọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sàlẹ́ńsà. Obìnrin gíga ni, apá rẹ̀ ki, àpá iná kéékèèké sì wà káàkiri ọwọ́ rẹ̀ láti ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ wẹ́dà. Nígbà tí bàbá náà kú, ó gba gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì, òun ò fẹ́ gbọ́ ti bíréèkì, sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, nìkan lòun máa jókòó tì. Bí oníbàárà tuntun bá yẹjú wo inú ṣọ́ọ̀bù, tó bi í pé ọ̀gá ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́, á ní ọkọ òun wà nílé, ó ń ro ọbẹ̀. Onítọ̀hún á jókòó, á máa retí ọkọ. Bẹ́ẹ̀ kò ní ọkọ. Ìgbà tó bá ti sùn wọ abẹ́ mọ́tò tán ló máa ń yé ọkùnrin náà pé ọ̀gá ló ń bá òun sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, òun àti ìyá rẹ̀ àti opó àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó. Fíríìjì ni àbúrò náà ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀. Adúmáadán ni ìyá wọn ń pè é láti kékeré, nítorí ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rántí pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní inú ń run òun. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ní àfi kí àwọn là á. Wọ́n là á, kò jí. Kò bímọ sílẹ̀.

Àwọn ará ilé Ìyàwó ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ nílé, pé ọjọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò lọ. Kò sọ ìdí tí kò fi lọ, Ìyá Sàlẹ́ńsà náà ò sì bi í, torí ẹ̀rù ń bà á pé tóun bá bi í, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Mọ́tò ni Adúmáadán fi sílẹ̀, mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú. Ìyàwó ló ń wà á báyìí. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Bí kò bá sí mọ́tò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mọ́tò náà sì ní ohùn tirẹ̀. Adúmáadán ti fi abẹ́ rẹ̀ gbá òkúta nígbà kan, àpótí sàlẹ́ńsà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é sì lu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi irin pẹlẹbẹ kan lẹ̀ ẹ́, ó jó o pọ̀, ṣùgbọ́n èéfín díẹ̀ ṣì ń rí ibì kan yọ́ jáde. Bí mọ́tò náà bá ti ń rọra wọ kọ́nà ilé wọn, á súfèé tín-ín-rín, lẹ́yìn náà á wá máa kùn wọ̀ọ̀ títí wọ́n á fi pa á. Ojú ti Ìyá Sàlẹ́ńsà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ òun jáde, ó fẹ́ tún un jó. Àbúrò rẹ̀ ló ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ó ń bá òun kọrin.

Kí Adúmáadán tó kú ni ìyá wọn ti ń gbàgbé nǹkan. Á gbé omi kaná, á lọ sùn. Á béèrè pé ọjọ́ wo la wà, wọ́n á sọ fún un, á tún béèrè. Lẹ́yìn ìsìnkú ló wá di pé ikú ọmọ rẹ̀ gan-an ni kò dúró sí i lórí. Ojú rẹ̀ náà ti ṣú. Òjìji ènìyàn ló ń rí, kì í rí ojú wọn. Etí nìkan ló kù tó mú ṣáṣá.

Lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan, á ti gbé orí sókè lórí àga. Á ní, "Adúmáadán ti dé. Ẹ bu oúnjẹ rẹ̀." Á dìde, á máa fọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á rọ̀, á dà bí ojú ọmọge. Ìyàwó á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyá á ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ ńkọ́?"

Lákọ̀ọ́kọ́, òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún un. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n á ní Màámi, Adúmáadán ti kú. Ìyá náà á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, torí ní tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Á máa forí gbá ògiri. Á bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́ fún òun, ta ló wẹ̀ ẹ́, ta ló wọ aṣọ fún un, ṣé aṣọ náà mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí. Mọ́tò á tún dé, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà tó yá, Ìyàwó ní òun ò lè máa sin ọkọ òun lójoojúmọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ irọ́. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ìyá ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, òun gbọ́ mọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní ó já Ìyàwó sílẹ̀ ni, ó ti padà síbi iṣẹ́. Ìyá ní láìkí òun? Inú á bí i sí ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn sàn ju ẹkún lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, tí iwájú ilé ń yọ̀, ìyá náà gbọ́ mọ́tò, kò sì dúró fọwọ́ tọ ògiri. Ó yára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Sàlẹ́ńsà fi máa ti ṣọ́ọ̀bù sáré dé, Ìyàwó ti jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé orí ìyá náà sórí itan. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣẹ́ lókè ọrùn ọwọ́. Ìyá ò ké. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Adúmáadán rí òun báyìí.

Wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ìyá sùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó ní ilé ìdáná. Ìyàwó ní kí àwọn ta mọ́tò náà. Ó ní òun á wá iṣẹ́ mìíràn nítòsí, ì báà ṣe ilẹ̀ ni òun á máa gbá. Lójú Ìyá Sàlẹ́ńsà, ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá jáde nínú ọgbà, Ìyàwó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn nìyẹn. Ó wá sọ ohun tó ti ń rò láti ìgbà tó ti gbé ìyá rẹ̀ dìde nínú ẹrẹ̀.

"Kì í ṣe mọ́tò ni Màámi ń gbọ́," ó ní. "Sàlẹ́ńsà ni. Mo lè yọ ọ́, kí n fi òmíràn tí kò jọ ọ́ rárá sí i. Bí o bá ń wọlé, wọ́n á rò pé àlejò ni."

Ìyàwó ń fi èékánná ha nǹkan kan lára tábìlì, nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

"Àǹtí," ó ní nígbẹ̀yìn, "èmi náà ń gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Tí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀, mo máa ń jókòó díẹ̀ kí n tó lọ. A ti kó aṣọ rẹ̀ fún èèyàn. A ti yí bẹ́ẹ̀dì padà. Ohùn yẹn ló kù."

Ìyá Sàlẹ́ńsà bu omi, ó mu ún tán, ó gbé ife náà dání. Ìyàwó ló padà sọ̀rọ̀. Ó ní kó yọ ọ́. Ó ní bí ìyá bá tún ṣubú, tó jẹ́ pé orí ló fi gúnlẹ̀, ohùn wo lòun fẹ́ máa gbọ́ nígbà yẹn.

Sàlẹ́ńsà kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ní kí Ìyá Sàlẹ́ńsà bá òun wá a, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sí mọ́tò kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé àwọn ń kọjá: páìpù gbọọrọ tí kò ní àpótí gidi láàárín, ẹnu rẹ̀ jẹ́ méjì, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, ó ń dán. Bàbá ọmọ náà gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà kò sì padà wá gbé sàlẹ́ńsà náà mọ́. Òun nìkan ló wà nílẹ̀ tó lè bá mọ́tò Adúmáadán mu. Yàtọ̀ síyẹn, Ìyá Sàlẹ́ńsà rò ó pé bí ohùn náà bá ṣe jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀ tó ló máa dára tó.

Ọjọ́ tí Ìyàwó ò lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é. Aládùúgbò kan, obìnrin aránṣọ, bá wọn jókòó ti ìyá nílé. Ìyá Sàlẹ́ńsà fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè, ó ki irin sábẹ́ rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ páálí, ó sùn wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn bóòtù tó so páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, wọ́n ti di ara kan náà pẹ̀lú nọ́ọ̀tù wọn. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, ó dúró kó mumi. Ó fi sípánà kàn wọ́n, sípánà yọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá irin, awọ bó. Ó bú bóòtù náà bí ẹni ń bú ọmọ ènìyàn. Ó wá tan iná sí i títí irin fi pọ́n, ó tún dì í mú. Ọ̀kan tú. Èkejì ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi òróró pa àwọn rọ́bà tí sàlẹ́ńsà náà fi rọ̀ mọ́ abẹ́ mọ́tò, ó ń fi irin gbọọrọ tì wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, tó gbé e lé àyà.

Kò lè jáde lódindi. Páìpù náà gba orí irin tó so àwọn táyà ẹ̀yìn kọjá, àfi téèyàn bá tú gbogbo ìdí mọ́tò palẹ̀. Ìyá Sàlẹ́ńsà nawọ́ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ìyàwó, mo fẹ́ gé e o."

"Ẹ gé e."

Iná ta pàràpàrà, irin náà já sí méjì, eérú dúdú tú jáde nínú rẹ̀. Ibi tí Ìyá Sàlẹ́ńsà lẹ̀ nígbà náà wà níwájú ojú rẹ̀ gbọngbọn, iṣẹ́ játijàti. Ó rántí bí àbúrò rẹ̀ ṣe sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lábẹ́ mọ́tò yìí lọ́jọ́ náà, tí òun ní kó bá òun tan tọ́ọ̀ṣì sí irin, tó jẹ́ ojú òun ló ń tàn án sí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Nígbà tó jáde, ó ní ìpẹtà ló wọ òun lójú.

Ti tuntun náà ò fi tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn wọlé. Ẹnu rẹ̀ ò bá ẹnu páìpù iwájú mu, àfi ìgbà tó gé irin róbótó kan sí i, tó jó o mọ́ ọn, tó fi gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun sáàárín wọn kí èéfín má bàa yọ, tó wá fún gbogbo rẹ̀ le. Ó ní kí Ìyàwó ṣíná. Mọ́tò náà bú ramúramù. Àwọn ẹyẹ fò lórí wáyà iná. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ìsọ̀ kejì jáde wá wò bóyá tírélà ló fẹ́ wọ òun mọ́lé. Ìyàwó gbá sítíárìn mú, ó wo ọkùnrin náà, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò lórí sítíárìn. Nígbà tó gbé orí sókè, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó ń ra àlòkù irin kọjá, Ìyá Sàlẹ́ńsà kó àwọn irin ṣọ́ọ̀bù fún un, ó kó méjèèjì tó gé mọ́ wọn. Kò dá wọn sọ́tọ̀. Ó rò pé kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà nílẹ̀.

Ọ̀sán tí Ìyàwó kọ́kọ́ fi ohùn tuntun náà wọlé, ìyá gbé orí sókè, ó lejú. Ó ní oníjàgídíjàgan wo lẹ gbà sádùúgbò. Nígbà tí Ìyàwó wọlé kí i, ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ lo fi rìn bọ̀? Pẹ̀lẹ́." Ó sì tún padà sínú ohun tó ń rò. Kò dìde. Kò béèrè ẹnì kankan. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà láìsí ẹkún, láìsí irọ́. Ọ̀rọ̀ di àwàdà fún wọn pàápàá. Ìyàwó ròyìn pé ọlọ́dẹ òtẹ́ẹ̀lì ti sọ òun ní Ọ̀gá Eré, pé láti orí afárá ló ti ń gbọ́ òun, tó ń bá òun ṣí géètì sílẹ̀, àti pé àwọn ọmọ tí òun lè bí ń na àtàǹpàkò sí òun lójú títì.

Kò pẹ́ lọ títí. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé Adúmáadán ò tíì dé? Wọ́n á ní ó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sídìí fèrèsé. Láti ọ̀sán ló ti ń jókòó síbẹ̀, gbogbo mọ́tò tó bá kọjá ló ń gbé orí sí. Kì í jẹun. Ó ní kò dára kí wọ́n máa jẹun nígbà tí ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ ò tíì dé. Ilẹ̀ á ṣú, oúnjẹ á tutù, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á fẹnu kàn án, á gbé e sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé Ìyá Sàlẹ́ńsà ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Tẹ́lẹ̀, ìyá náà ń rí ọmọ rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí wọ́n tó tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí, kò rí i gbà rárá. Ìrètí nìkan ló kù, kò sì níbi tó ń yọrí sí.

Wọ́n tún dán òótọ́ wò. Ìyá náà gbọ́ ọ, kò sunkún. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó kú lóòótọ́, mọ́tò rẹ̀ á wà nílé, òun ò sì gbọ́ mọ́tò rẹ̀.

Ó rù. Aṣọ ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sàlẹ́ńsà sáré wálé láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn láti wò ó, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kò sẹ́ni lórí àga. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo ilé ìwẹ̀. Ó bọ́ sí ìta pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ti ìsọ̀ rẹ̀, ó gba ọ̀nà kejì lọ. Ìyàwó dé, ó fi ariwo mọ́tò rẹ̀ wá gbogbo òpópónà tó wà nítòsí, kò rí i. Wọ́n padà pàdé níwájú ilé, Ìyá Sàlẹ́ńsà jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí mọ́tò kékeré kan fi rọra yà wọlé, irú ti Adúmáadán gan-an, ó ń kùn wọ̀ọ̀ bíi tirẹ̀, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ló wà á. Ìyá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó bí ìyàwó ọlọ́jà, ojú rẹ̀ tàn.

Tísà ni ọkùnrin náà. Ó ní òun dúró ra búrẹ́dì ní ìkóríta ni, òun ò tíì pa ẹ́ńjìnnì, ni ìyá àgbà kan bá ṣílẹ̀kùn tó jókòó. Ìyá náà ní òun pẹ́ kí òun tó dé. Ó fọwọ́ pa ojú òun, ó ní òun ti rù, kí òun máa gbé ìyá náà lọ sílé. Òun béèrè pé ilé wo, ó ní ṣé òun ti gbàgbé ilé ni. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ fún òun, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, kò sì ṣi ẹyọ kan.

"Ẹ bu oúnjẹ rẹ̀," ni ìyá wí. "Ebi á ti pa á."

Tísà náà dúró pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ lábẹ́ apá. Ó wo Ìyá Sàlẹ́ńsà, ó wo Ìyàwó. Ó wọlé, ó jókòó, ó jẹun, torí ìyá náà jókòó tì í, ó ń fetí sí bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ìyá náà jẹ tirẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n fi kún un. Ìyàwó ò lè dúró nínú yàrá náà. Ó lọ dúró ní ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, kò fọ nǹkan kan. Ìyá sùn lọ lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí apá àlejò náà, tísà sì ń rọra yọ apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ẹnu géètì, Ìyá Sàlẹ́ńsà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀, kó kàn wọlé kó jáde. Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, kò tètè fi í padà sójú.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ó ní. "Bí mo bá dé lónìí, tí mo dé lọ́la, tí mi ò wá dé mọ́ ńkọ́? Mo ti sin ìyá tèmi. Mi ò lè tún di ọmọ ẹlòmíràn kí n sì tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ó fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún wọn, ó lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ìyá náà nígbà tí kò bá sí wọn nílé. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ń fi ohun líle tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀kùn, gbì, gbì, Ìyá Sàlẹ́ńsà sì ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ mọ́tò oníbàárà. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe wá bá a. Kò bá a jà. Ó kàn ní òun ò lè jókòó sí ìsọ̀ òun mọ́.

Ìyá Sàlẹ́ńsà bá gbéra. Ó lọ bá ẹni tó ń ra àlòkù irin, bóyá méjèèjì tó gé ṣì wà. Ọkọ̀ ńlá ti kó gbogbo irin lọ tipẹ́, síbi tí wọ́n ti ń yọ́ wọn. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú mọ́tò tó ti kú, ó ń yọjú sábẹ́ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn títí ó fi rí sàlẹ́ńsà irú ti àbúrò rẹ̀, àpótí rẹ̀ ṣì le. Ó gbé e wá, ó yọ aláriwo, ó fi èyí sí i. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ jù. Ó fi ìṣó lu ihò kan sí i níbi tó rò pé ti tẹ́lẹ̀ wà, ó lẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe lẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ó gbìyànjú láti ṣe é játijàti bíi ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ìyàwó á wa mọ́tò náà wọ kọ́nà, Ìyá Sàlẹ́ńsà á dúró níwájú ilé, á fetí sílẹ̀, á mi orí. Wọ́n á tún padà sí ṣọ́ọ̀bù. Á dí ihò náà díẹ̀, á tún ṣí i díẹ̀. Ó ń súfèé, ṣùgbọ́n súfèé ẹlòmíràn ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyàwó ní ó ti fẹ́ẹ̀ jọ ọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ibi fífẹ́ẹ̀ jọ yẹn ló máa dúró sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Sàlẹ́ńsà ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ mọ́tò náà ní kọ́nà. Ó súfèé tín-ín-rín, ó wá ń kùn bọ̀. Ìyá ò gbé orí sókè.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ mọ́tò ni?"

"Mo gbọ́ ọ," ni ìyá wí. "Mọ́tò kan ń kọjá."

Wọ́n ní bóyá lọ́la. Lọ́la náà rí bẹ́ẹ̀. Àga ìdí fèrèsé wà níbẹ̀, ìyá kì í béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀ mọ́. Kò lu ilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti jinná, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kò sì béèrè ohun tó ṣe é. Àdúgbò ní ara ìyá ti ń balẹ̀. Aránṣọ ní kí wọ́n dúpẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì ń dúpẹ́ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n jókòó jẹun ọ̀sán, ìrẹsì àti ẹyin. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyàwó ò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀, ó kàn ń wo bí ìyá ṣe ń jẹ lọ ni, ó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Màámi, Adúmáadán ní kí n kí yín."

Ìyá jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ta nìyẹn?"

Ìyá Sàlẹ́ńsà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yín ni, Màámi. Ọmọ yín ọkùnrin."

Ìyá náà rò ó dáadáa, bí ẹni tí kò fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Ó ní rárá, ìwọ nìkan ni mo bí. Ó wá yíjú sí òjìji tó jókòó ní apá kejì tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú ọ̀yàyà.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

Ìyàwó ní, "Mò ń bá Àǹtí gbé ni, Mà." Ìyá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé kó jẹun dáadáa, kó má tijú.

Nígbà tí òjò ọdún náà dá, Ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ìjà. Ó fọ gbogbo aṣọ ìyá kó tó lọ, ó lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú àpótí bí wọ́n ṣe ń tò ó ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Sàlẹ́ńsà ló fi dandan lé e pé kó gbé mọ́tò náà lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fún gbogbo bóòtù le. Wọ́n dì mọ́ ara wọn níwájú ilé. Ìyàwó ní òun á máa pè. Ó ń pè lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni Ìyá Sàlẹ́ńsà ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá a jókòó ti ìyá rẹ̀. Oníbàárà tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á kanlẹ̀kùn títí, á wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òun á wà nínú ilé, á máa fi ṣíbí bu oúnjẹ sí ìyá náà lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ara bá yá ìyá, á bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún un.